Ajubọ́ọ̀lù Kan Kì í Dá Sáà Eré Ṣe

Gbogbo ọdún ni ó ń ṣẹlẹ̀. Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti gba ife bésíbọ́ọ̀lù tán, tí pápá ti dá páropáro, ariwo kan náà ni yóò gba ẹnu àwọn olólùfẹ́ eré náà: "Ẹ ra ajubọ́ọ̀lù fún wa! Ẹ ra èyí tí orúkọ rẹ̀ dún jù!" Lórí rédíò ni o, nínú bọ́ọ̀sì ni o, nídìí tábìlì oúnjẹ ọ̀sán ní ilé ìwé wa níhìn-ín ní Texas ni o, kò sí ibi tí a kì í ti í gbọ́ ọ. Bí ikọ̀ kan bá ra ìràwọ̀ kan ní owó gọbọi, àwọn ènìyàn á ní wọ́n ti lo àkókò ìsinmi wọn dáadáa. Bí ikọ̀ mìíràn bá mú ènìyàn mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, wọ́n á ní ahun ni àwọn tó ni ikọ̀ náà.

N kò fara mọ́ ọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ikọ̀ tó bá fi gbogbo ìgbà òtútù lé ẹyọ ajubọ́ọ̀lù kan kiri, tí kò wá àwọn tí yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀, ń tan ara rẹ̀ jẹ, ó sì ń tan àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì jẹ. Àwọn baba wa ti sọ pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Ikọ̀ Texas Rangers, tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ikọ̀ lọ, ni mo fẹ́ kọ́kọ́ pè wá jẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà ní ṣókí fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n. Amẹ́ríkà, Japan àti Dominican Republic wà lára ibi tí ó ti gbilẹ̀ jù, pẹ̀lú Cuba, níbi tí àwọn ọmọ Lukumí, ìbátan wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ náà, wà lára àwọn tó ń ṣe é. Ikọ̀ méjì ló máa ń pàdé. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ikọ̀ tó ń ṣọ́ pápá máa ń kó síbẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀ nínú wọn sì ni ajubọ́ọ̀lù. Òun ló ń dúró lórí òkìtì kékeré kan láàárín pápá, tí ó ń ju bọ́ọ̀lù líle kan tí kò tóbi ju ọsàn lọ sí ọ̀dọ̀ onígi ti ikọ̀ kejì. Bí onígi bá fi igi rẹ̀ gbá a lọ jìnnà, ó lè di ayò. Abala mẹ́sàn-án ni eré kan ní. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù láti abala kìn-ín-ní là ń pè ní olùbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, arọ́pò á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní lè padà wọlé mọ́ lọ́jọ́ náà.

Jíju bọ́ọ̀lù báyìí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré fún ara. Olùbẹ̀rẹ̀ lè jù ú ní ìgbà 90 tàbí 100 lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú gbogbo agbára tó wà nínú ẹsẹ̀, ẹ̀yìn, èjìká àti apá rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó gbọ́dọ̀ sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ìdí nìyí tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan fi máa ń ní olùbẹ̀rẹ̀ márùn-ún tí wọ́n ń ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí àwọn ọmọ ilé kan bá pín ọjọ́ omi pípọn láàárín ara wọn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Eré 162 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní sáà kan, láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹsàn-án. Ẹ fi 9 sọ 162 di púpọ̀, ẹ ó rí 1,458. Iye abala tí ikọ̀ kan gbọ́dọ̀ wá ẹni jù nìyẹn. Olùbẹ̀rẹ̀ tó le jù lóde òní, bí ara rẹ̀ bá dá ṣáká láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, eré 32 tàbí 33 ni yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sì ju nǹkan bí abala 200. Àwọn tó ń dé 200 yìí pàápàá kò pọ̀ mọ́. Igba nínú 1,458 kò tó ìdá kan nínú méje. Mo wá bi ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo ìràwọ̀: ta ni yóò ju ìdá mẹ́fà tó kù? Bí ìràwọ̀ yín bá sì ṣàìsàn ńkọ́, ta ni yóò ju ìdá méjèèje?

Àwọn Rangers ti dáhùn ìbéèrè yìí. Ní ọdún 2022, ojú wa rí màbo. Eré 68 ni a borí, a sì pàdánù 94. Nígbà tí sáà parí, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé àwọn ajubọ́ọ̀lù ni a kò ní. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ikọ̀ wa mú Jacob deGrom wá láti New York Mets. Ẹ̀ẹ̀mejì ni deGrom ti gba ẹ̀bùn Cy Young, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ajubọ́ọ̀lù tó dára jù ní líìgì kọ̀ọ̀kan, ní 2018 àti 2019. Àdéhùn ọdún márùn-ún ni wọ́n bá a ṣe, owó rẹ̀ sì jẹ́ 185 mílíọ̀nù dọ́là. Inú wa dùn dé góńgó. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń ka ife mọ́ ọwọ́.

Eré mẹ́fà péré ni deGrom bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023. Kí oṣù kẹrin tó tán, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti ń dùn ún. Ní oṣù kẹfà, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nítorí iṣan tó já níbẹ̀, ó sì di ọdún tó tẹ̀ lé e kó tó tún gun òkìtì. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni Rangers rà ní ìgbà òtútù yẹn, ilé wa ìbá ti wó.

Ṣùgbọ́n kò wó. Rangers ló gba ife World Series ní ọdún 2023, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Báwo ni ó ṣe ṣẹlẹ̀? Chris Young, tí ríra àti títa àwọn eléré wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti fìgbà kan rí jẹ́ ajubọ́ọ̀lù. Ó mọ bí apá ṣe ń dun ènìyàn. Kò dúró lórí deGrom. Nínú oṣù kan náà tó mú deGrom, ó mú Nathan Eovaldi fún ọdún méjì ní 34 mílíọ̀nù dọ́là, ó sì mú Andrew Heaney fún ọdún méjì ní 25 mílíọ̀nù. Martín Pérez tó wà nílẹ̀ kò lọ. Jon Gray ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú. Dane Dunning, tó jẹ́ olùbẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ní kó lọ máa ṣe arọ́pò, nítorí pé àyè ti kún.

Dunning yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Kò sí ẹni tó wọ ẹ̀wù tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ wá sí ilé ìwé wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí deGrom ṣubú, òun ni wọ́n pè. Eré 12 ni wọ́n kọ sí orúkọ rẹ̀ pé ó borí lọ́dún náà, méje péré ló pàdánù. Bí wọ́n bá ti fi í tọrẹ ní ìgbà òtútù nítorí pé wọ́n ti rí ìràwọ̀, ta ni ìbá ju abala wọ̀nyẹn? Eré 90 ni Rangers borí lọ́dún náà, ẹnu ọ̀nà báyìí ni wọ́n sì gbà wọ inú ìdíje ìparí ọdún. Bí eré mélòó kan bá yẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ilé ni wọn ìbá ti máa wò ó.

Nígbà tí oṣù kẹwàá dé, ẹ wo àwọn tó gbé wa lékè. Eovaldi borí eré márùn-ún nínú ìdíje ìparí ọdún, kò pàdánù ẹyọ kan. Jordan Montgomery, tí wọ́n gbà láti ọ̀dọ̀ St. Louis Cardinals ní ìparí oṣù keje, dúró gbọn-in. Nínú eré kẹta World Series pẹ̀lú Arizona Diamondbacks, Max Scherzer tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé ló bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn abala mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀ há, ó ní láti jáde. Jon Gray ló rọ́pò rẹ̀, ó ju abala mẹ́ta láì gba ayò kankan wọlé, a sì borí pẹ̀lú 3 sí 1. Heaney ló bẹ̀rẹ̀ eré kẹrin, abala márùn-ún ló jù, ayò kan péré ni wọ́n jẹ lára rẹ̀. Eovaldi wá fi abala mẹ́fà láì gba ayò bo eré karùn-ún mọ́lẹ̀, ó parí sí 5 sí 0. Ta ni kò sí níbẹ̀? Ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù. N kò fi deGrom ṣe yẹ̀yẹ́ o. Nígbà tí ara rẹ̀ yá pátápátá, eré 30 ló bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2025, ó sì ju bọ́ọ̀lù dáadáa. Síbẹ̀, ibo ni Rangers parí sí lọ́dún náà? Wọ́n borí 81, wọ́n pàdánù 81. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Eré náà ni kì í ṣe ti ẹnì kan.

Bí ẹ bá rò pé ti Rangers yìí ṣèèṣì ni, ẹ jẹ́ ká lọ sí Washington. Stephen Strasburg ni wọ́n kéde pé ó ṣe dáadáa jù nínú World Series ọdún 2019 tí ikọ̀ Nationals gbà. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, wọ́n bá a ṣe àdéhùn ọdún méje, 245 mílíọ̀nù dọ́là. Láti ọjọ́ náà títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 2024, eré mẹ́jọ péré ló lè bẹ̀rẹ̀. Èjìká, ọrùn àti apá rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ọmọlúàbí ni, ó sì ti ṣiṣẹ́ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n so mọ́ apá kan ṣoṣo ti lọ nìyẹn.

Ẹ tún wo New York Mets ní ọdún 2023. Owó tí wọ́n ń san fún àwọn eléré wọn lọ́dún náà lé ní 300 mílíọ̀nù dọ́là, kò sì sí ikọ̀ tó ti ná tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú ìgbà náà. Scherzer, tó jẹ́ ẹni ọdún 38, àti Justin Verlander, ẹni 40 ọdún, ló wà ní iwájú, olúkúlùkù wọn sì ń gba ohun tó lé ní 43 mílíọ̀nù lọ́dún kan. Kí sáà tó parí, wọ́n ti fi àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí ikọ̀ mìíràn. Mets borí 75, wọ́n pàdánù 87. Ẹni tó ra ilẹ̀kùn wúrà sí ilé tí kò ní òrùlé, òjò ni yóò fún un lésì.

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò mi yóò sọ. Wọ́n á ní, "Ṣebí Los Angeles Dodgers ra ìràwọ̀, wọ́n sì gba ife ní 2024 àti 2025?" Òótọ́ ni wọ́n rà wọ́n. Ní ìgbà òtútù tó ṣáájú 2024, wọ́n bá Shohei Ohtani ṣe àdéhùn 700 mílíọ̀nù dọ́là fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n bá Yoshinobu Yamamoto ṣe ti 325 mílíọ̀nù fún ọdún 12, wọ́n sì gba Tyler Glasnow láti ọ̀dọ̀ Tampa Bay. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ka àwọn tó kù ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ohtani kò ju bọ́ọ̀lù rárá lọ́dún yẹn nítorí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Igi nìkan ló ń mú. Ìgbọ̀nwọ́ Glasnow ti ń dùn ún láti oṣù kẹjọ. Èjìká Gavin Stone ti bàjẹ́. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ Clayton Kershaw kò jẹ́ kó lè dúró. Yamamoto fúnra rẹ̀ ti fi oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án tọ́jú èjìká. Olùbẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ló ṣẹ́kù fún ikọ̀ tó lówó bí Dodgers: Yamamoto, Walker Buehler àti Jack Flaherty, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti Detroit ní ìparí oṣù keje.

Kí ló wá gbà wọ́n? Àwọn arọ́pò. Nínú eré kẹrin pẹ̀lú San Diego Padres, tí wọn ì bá pàdánù kí wọ́n lọ sílé, wọn kò ní olùbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n lè lò. Ajubọ́ọ̀lù mẹ́jọ ni wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bí ẹni ń gbé omi panná. Padres kò rí ayò kan jẹ, ó parí sí 8 sí 0. Nínú eré tó gba ife fún wọn ní pápá New York Yankees, wọ́n yọ Flaherty ní abala kejì, ayò ti di 5 sí 0 kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n wà. Àwọn arọ́pò ló di eré náà mú títí àwọn onígi wọn fi lé ayò bá, tí ó sì di 7 sí 6. Buehler, olùbẹ̀rẹ̀ tó ti ju bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ méjì ṣáájú, ló wá parí rẹ̀.

Ní ti ọdún 2025, mo gbà pé Yamamoto ṣe bẹbẹ. Mẹ́ta nínú eré mẹ́rin tí Dodgers fi borí Toronto Blue Jays, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Àmọ́ ẹ má gbàgbé eré kẹta. Abala 18 ni wọ́n lò lóru ọjọ́ náà, ìlọ́po méjì eré. Gbogbo arọ́pò ti tán. Ẹni tó kù ni Will Klein, tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Dodgers pàápàá kò mọ̀ lójú. Abala mẹ́rin ló jù, ìgbà 72 ló ju bọ́ọ̀lù, kò gba ayò kankan wọlé títí Freddie Freeman fi gbá èyí tó parí rẹ̀. Lásìkò yẹn, Yamamoto tó ti ju odindi eré kan ní ọjọ́ méjì ṣáájú ti ń nara kó lè wọlé. Bí Klein bá ti kùnà, Yamamoto ni wọn ìbá tì sínú iná lóru ọjọ́ náà. Ta ni ìbá wá ju bọ́ọ̀lù ní eré kẹfà àti ìkeje? Ẹni ìkẹyìn lórí bẹ́ǹṣì ló pa apá ìràwọ̀ mọ́. Ẹ̀rí tí àwọn alátakò mi mú wá, èmi ló gbè.

Àwọn mìíràn á ní ọ̀rọ̀ yìí wà fún àwọn olówó, pé ikọ̀ tí kò ní lọ́wọ́ kò lè ní ènìyàn púpọ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Tampa Bay Rays wà lára àwọn ikọ̀ tó ń ná owó tó kéré jù nínú ikọ̀ 30. Ní ọdún 2018, nígbà tí olùbẹ̀rẹ̀ kò tó wọn, wọ́n ní kí arọ́pò kan máa ṣí eré, kó ju abala kan tàbí méjì, kí ẹlòmíràn gbà á. Àwọn kan fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eré 90 ni wọ́n borí. Ní 2020, wọ́n dé World Series. Detroit Tigers ṣa Tarik Skubal ní ìpele kẹsàn-án nígbà tí wọ́n ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ ní 2018. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni gbogbo ikọ̀ ti kọ́kọ́ yàn ṣáájú rẹ̀. Wọ́n fi sùúrù tọ́ ọ, ó gba Cy Young ní 2024, ó tún gbà á ní 2025. Ẹni tí kò lówó láti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ní ọjà, kó lọ gbin tirẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀wẹ̀, wọ́n á tún ní orúkọ ńlá ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ń tà á ní oṣù kẹta. Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ẹni tó ni orúkọ náà bá fi aṣọ gbé apá kọ́ ọrùn, tí ikọ̀ sì ti pàdánù eré mẹ́wàá léra, ẹ lọ wo bí àga òfìfo ṣe pọ̀ tó ní pápá.

Ohun kan ṣì wà tó ń dùn mí ju owó àti ife lọ, òun ni ọ̀rọ̀ apá àwọn ọmọdé. Ní ọdún 1974, dókítà Frank Jobe kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ kan fún Tommy John, ajubọ́ọ̀lù Dodgers: ó yọ iṣan kúrò níbòmíràn nínú ara rẹ̀, ó fi dí èyí tó já ní ìgbọ̀nwọ́. Nígbà náà, ohun ìyanu ni. Lónìí, ó ti di ohun tí ajubọ́ọ̀lù ń retí, bẹ́ẹ̀ ó lè gba ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ kí ẹni tí wọ́n ṣe é fún tó padà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, àjọ tó ń darí líìgì ńlá gbé ìwádìí jáde lórí ìdí tí ìpalára fi ń pọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé gbogbo ènìyàn ń lépa eré sísá bọ́ọ̀lù, wọ́n ń fi gbogbo agbára jù ú ní gbogbo ìgbà. Ní ọdún 2008, bọ́ọ̀lù tó yára jù lọ́wọ́ ajubọ́ọ̀lù ń sá tó nǹkan bíi máìlì 91 ní wákàtí kan, bí a bá pín in dọ́gba. Ní 2024, ó ti lé ní 94. Àwọn ọmọ ọdún méjìlá ń wò ó, wọ́n sì ń fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ni èyí kàn pẹ̀lú ríra ìràwọ̀? Ó kàn án gan-an. Bí àwa olólùfẹ́ bá ń yin ẹni tó ń ju iná nìkan, tí ikọ̀ sì ń kó gbogbo owó fún òun nìkan, ọmọdé wo ni yóò fẹ́ jẹ́ Dunning? Ọmọdé wo ni yóò fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọgbọ́n, tí yóò sì fún apá rẹ̀ ní ìsinmi? Bákan náà ni àṣìṣe ikọ̀ ńlá ń wọ ilé ìwé. Kóòṣì tó ní ọmọ kan tó mọ̀ ọ́n jù, ọmọ náà ni yóò lò ní ọjọ́ Jímọ̀, yóò lò ó ní Sátidé, àwọn òbí á sì máa pàtẹ́wọ́. Láti ọdún 2014, àjọ tó ń darí líìgì ńlá àti USA Baseball ti ṣe òfin ìtọ́ni tí wọ́n pè ní Pitch Smart: ọmọ ọdún 9 sí 10 kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù ju ìgbà 75 lọ lójúmọ́, ọmọ ọdún 11 sí 12 kò gbọdọ̀ kọjá 85, ọjọ́ ìsinmi sì gbọdọ̀ tẹ̀ lé e. Kóòṣì tó kọ́ ọmọ kan ṣoṣo kò lè pa ìtọ́ni yìí mọ́. Èyí tó kọ́ ọmọ mẹ́fà lè pa á mọ́ láì sí wàhálà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Bí mo ṣe ní kí ikọ̀ ní ènìyàn púpọ̀, n kò ní kí wọ́n máa lo àwọn ọ̀dọ́ bí ewé ẹ̀kọ, tí a ń sọ nù bí a bá ti jẹ ẹ̀kọ tán. Àwọn ikọ̀ kan ti ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á pe ọmọ kan wá láti líìgì kékeré lónìí, wọ́n á lò ó, wọ́n á dá a padà lọ́la, wọ́n á pe òmíràn. Ó pọ̀ débi pé láti ọdún 2022, òfin ti wá wà pé ikọ̀ kan kò lè dá eléré kan náà padà ju ìgbà márùn-ún lọ ní sáà kan. Ẹni ẹ̀yìn tí mò ń wí ni ẹni tí a tọ́jú, tí a kọ́, tí a sì fún ní ìsinmi tirẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ni mo fẹ́ kí ikọ̀ ṣe, nígbà náà, ní ìgbà òtútù? Ní àkọ́kọ́, kí wọ́n ka orí kí wọ́n tó ka owó. Olùbẹ̀rẹ̀ márùn-ún kò tó. Kí wọ́n ní mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án tó lè gun òkìtì láì tijú, nítorí kò sí ọdún tí ara kì í da ènìyàn. Ní ìkejì, bí wọ́n bá fẹ́ ra ìràwọ̀, kí wọ́n rà á lẹ́yìn tí wọ́n ti wá arọ́pò, kó má jẹ́ owó arọ́pò ni wọ́n fi rà á. Ní ìkẹta, kí wọ́n náwó lórí àwọn dókítà, olùkọ́ àti oúnjẹ gidi fún àwọn ọ̀dọ́ ní líìgì kékeré, torí ibẹ̀ ni Skubal ti ń jáde. Ní ìkẹrin, àwa olólùfẹ́ náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Ká yé béèrè pé "Ta ni ẹ rà?" nìkan. Ẹ jẹ́ ká máa béèrè pé "Ta ni ìkeje yín?" Ikọ̀ tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè yìí ní oṣù kejì, á ṣòro kó tó rí ìdáhùn rẹ̀ ní oṣù kẹjọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin náà ní ikọ̀ lọ́wọ́. Nínú ìdíje ìṣirò, nínú eré orí ìtàgé, nínú bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀, a mọ ọmọ tí ẹ máa ń yàn ní gbogbo ìgbà. A kò jowú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pe ọmọ tó jókòó sẹ́yìn náà, ẹ kọ́ ọ nísinsìnyí tí kò tíì sí wàhálà, kí ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tí ọmọ iwájú bá ṣàìsàn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ kan, bó ti wù kó lówó lórí tó, kò gbé ẹrù dé orí.